Sìgá, aáṣáà àti ṣíṣà: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá jù ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Kí ló wà nínú sìgá tó fi ń di bárakú?

Nikotíìnì ni. Inú ewé tábà fúnra rẹ̀ ló wà. Bí èèyàn bá fa èéfín sínú, ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 ti tó kí ó dé ọpọlọ. Ara á tu èèyàn, orí á sì wálé. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bíi wákàtí méjì bá kọjá, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ara á tún máa bèèrè òmíràn. Ohun tó ń mú kí amusìgá máa fọwọ́ tẹ àpò wò láìmọ̀ nìyẹn.

Nikotíìnì ló ń deni mọ́lẹ̀, èéfín ló ń pani. Kẹ́míkà tó wà nínú èéfín sìgá lé ní 7,000, nǹkan bíi 70 nínú wọn ló sì ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí bọ́ sọnù, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní gbà pé oògùn tó ní nikotíìnì lè ran òun lọ́wọ́.

Gbogbo ọ̀rẹ́ mi ló ń mu ún. Ṣé èmi nìkan ni kò ní mu ni?

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2012 fi hàn pé 5.6% àgbàlagbà ló ń lo tábà. Nínú ọkùnrin 100, 10 ni. Nínú obìnrin 100, kò ju ẹyọ kan lọ. Àwọn tí kì í mu ún ló pọ̀ jù. Ó kàn jẹ́ pé àwọn tó ń mu ún máa ń kóra jọ síbi kan náà ni.

Aáṣáà tí àwọn ìyá àgbà ń fà sí imú ńkọ́? Kò ṣáà ní èéfín.

Tábà ni. Wọ́n gbẹ ewé náà, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n fi káún sí i. Káún yẹn kì í ṣe ti adùn o: òun ló ń jẹ́ kí nikotíìnì tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti imú tàbí láti ẹ̀yìn ètè. Bó ṣe ń di bárakú fún amusìgá náà ló ń di bárakú fún ìyá tó ní agolo aáṣáà nídìí ìró.

Òótọ́ ni pé kì í ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ tó sìgá, ṣùgbọ́n tábà tí kò ní èéfín ń fa jẹjẹrẹ ẹnu àti ti ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tó ń kì í sí ètè, kí ó máa yí ètè náà síta níwájú dígí lóòrèkóòrè. Bí ó bá rí ibi tó funfun tí kò ṣeé nù kúrò, tàbí egbò tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀dọ̀ dókítà eyín ló yẹ kí ó lọ, kí ó má tíì fi ohunkóhun kùn ún.

Ṣé omi inú ṣíṣà kì í sẹ́ májèlé inú rẹ̀ ni?

Kì í sẹ́ ẹ. Omi ń mú kí èéfín tutù ni, ìdí sì nìyẹn tí èèyàn fi ń fà á jìnnà sínú ju ti sìgá lọ. Nikotíìnì ń gba inú omi kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kẹ́míkà yòókù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ẹni tó jókòó ti ṣíṣà fún wákàtí kan lè fa èéfín tó pọ̀ tó ti 100 sìgá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Tanke àti Màlété kò kà sí ni èédú orí rẹ̀. Èédú tó ń jó máa ń tú afẹ́fẹ́ carbon monoxide jáde, èyí kan náà tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀. Kò sẹ́ni tí yóò tan jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá kó ti ilẹ̀kùn. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí ojú ń pòòyì, tí èébì ń gbé yín nídìí ṣíṣà, ẹ jáde sí gbangba lójú ẹsẹ̀. Bí ẹnì kan bá dákú, ẹ gbé e jáde, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má bu omi sí i lójú kí ẹ máa retí pé yóò jí.

Vape ńkọ́?

Vape, sìgá oníbátìrì tó ń sọ omi di oru tí èèyàn ń fà, kì í jó ewé, nítorí náà májèlé inú rẹ̀ kéré sí ti sìgá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ní nikotíìnì, òmíràn sì ní ju èyí tó wà lára páálí lọ. Ẹni tí kò mu sìgá rí kò ní ìdí kankan láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí omi rẹ̀ bá wà nínú ilé, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó: díẹ̀ nínú rẹ̀ tí ọmọdé bá gbé mì lè pa á.

Ẹyọ méjì péré ni mo ń mu lójúmọ́. Ṣé ìyẹn náà lè ṣe nǹkan?

Ní ti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ẹyọ méjì kéré sí 20. Ní ti ọkàn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ewu àrùn ọkàn tó wà fún ẹni tó ń mu ẹyọ kan lójúmọ́ tó nǹkan bí ìdajì èyí tó wà fún ẹni tó ń mu 20. Èéfín díẹ̀ ti tó láti mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dì, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sì máa le.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní láìtì tàbí ti mẹ́ńtọ́ọ̀lù. Ihò wẹ́wẹ́ ni wọ́n lu sára ìdí láìtì kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ìka tàbí ètè á dí ihò náà, ẹni tó ń mu ún á sì fà á le sí i. Ara á rí nikotíìnì tó ń wá gbà ṣáá.

Bí mo bá dáwọ́ dúró lónìí, kí ni yóò yí padà lára mi?

Láàárín 20 ìṣẹ́jú, bí ọkàn ṣe ń lù á rọlẹ̀. Láàárín wákàtí 12, carbon monoxide inú ẹ̀jẹ̀ á padà sí bó ṣe yẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 12, ẹ̀jẹ̀ á máa lọ dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró á sì máa ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Ẹ óò mọ̀ ọ́n bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn. Ikọ́ àti mími gúlegúle á dínkù láàárín oṣù 1 sí 9. Bó bá pé ọdún kan, ewu àrùn ọkàn ti já sí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún. Ní ọdún 10, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró náà á já sí nǹkan bí ìdajì.

Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ọkàn á yí padà. Ẹ má mú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ sí nìkáì, wòlímọ̀ tàbí òkú àgbà, níbi tí sìgá á ti máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má mú ọjọ́ tí ẹ máa wa ọkọ̀ lọ sọ́nà jíjìn, torí ọkàn kì í pa pọ̀ dáadáa ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́.

Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ fi ìwé pélébé wé páálí sìgá yín, kí ẹ fi rọ́bà dè é. Kí ẹ tó fa ẹyọ kan yọ, ẹ ní láti tú rọ́bà, kí ẹ kọ aago, ibi tí ẹ wà àti ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí ìwé náà máa ń fi hàn yani lẹ́nu: kì í ṣe gbogbo ẹyọ ni ara ń bèèrè. Èyí tí ara ń bèèrè ni ti àárọ̀ kùtù. Ti ẹ̀yìn àmàlà, ti ìgbà tí ọkọ̀ kò tíì kún ní Ọ̀fà Gáréèjì, ti ìgbà tí ẹ bá ń bá ènìyàn jà lórí fóònù, àṣà ni.

Ẹ wá ohun tí ẹ máa fi dípò ìkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ dìde kúrò níbi àwo lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ki pákò bọ ẹnu. Pákò dára ju ohun tí àwọn èèyàn rò lọ, torí pé ọwọ́ àti ẹnu ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní ṣúgà. Bí ẹ bá máa ń ra sìgá lọ́dọ̀ ẹnì kan tó so láítà mọ́ àpótí ọjà rẹ̀, ẹ gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé fún oṣù kan.

Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù pátá: sìgá, láítà, agolo eérú. Ẹ fọ aṣọ tó ń rùn. Ẹ má tọ́jú “ẹyọ kan ṣoṣo, nítorí ọjọ́ ìṣòro” sínú àpò dànṣíkí. Ẹyọ yẹn gan-an ló máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà.

Bí ara bá ń fẹ́ ẹ gan-an, kí ni kí n ṣe?

Ẹ wo aago. Ìyánhànhàn sìgá kì í sábà ju ìṣẹ́jú 3 sí 5 lọ kó tó rọlẹ̀, yálà ẹ mu ún tàbí ẹ ò mu ún. Ẹ mu omi tútù díẹ̀díẹ̀, ẹ rìn dé ìkóríta kí ẹ padà, ẹ mí kanlẹ̀ nígbà mẹ́wàá, tàbí kí ẹ pe ẹni tí ẹ ti sọ fún tẹ́lẹ̀ pé ẹ óò pè.

Ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ló máa ń le jù. Inú á máa bí yín láìnídìí, oorun á dá, ẹnu lè bó, ìgbẹ́ lè le, ikọ́ pàápàá lè pọ̀ sí i. Ikọ́ yẹn ló ń kó àwọn èèyàn láyà sókè, wọ́n á ní, “Ìgbà tí mo ń mu ún, mi ò wúkọ́ báyìí.” Irun wẹ́wẹ́ inú ọ̀nà èémí tí èéfín ti mú rọ ló ń jí, ló ń gbá ìdọ̀tí síta. Ọ̀pọ̀ ìdààmú wọ̀nyí á ti lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ará ilé ṣáájú kí wọ́n lè fara dà á.

Ṣé oògùn wà fún un?

Ó wà. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá fi agbára ọkàn nìkan dáwọ́ dúró, nǹkan bíi 3 sí 5 ni kì í tíì padà síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Oògùn nikotíìnì ń fi nǹkan bí ìdajì kún un. Nikotíìnì yìí kò ní èéfín, kì í sì í sáré gun ọpọlọ, nítorí náà ó ń pa ìyánhànhàn láìjẹ́ pé ó tètè di bárakú mìíràn.

Ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì: ẹni tó ń mu sìgá àkọ́kọ́ láàárín ìṣẹ́jú 30 tó bá jí, 4 mg ni tirẹ̀, ẹni tó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, 2 mg. Ẹ rọra jẹ ẹ́ títí ẹnu á fi máa ta yín, kí ẹ wá fi há àárín èrìgì àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí títa náà bá lọ, ẹ tún jẹ ẹ́, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú báyìí ni ẹyọ kan. Ẹyọ kan ní wákàtí kan sí méjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fà á jìnnà sí ara wọn; kò gbọ́dọ̀ ju 24 lọ lójúmọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n ń jẹ ẹ́ wàrà-wàrà bíi ṣingọ́ọ̀mù ọmọdé. Itọ́ á gbé nikotíìnì lọ sínú ikùn, òsúkè á mú wọn, àyà á máa ta wọ́n, wọ́n á ní oògùn náà kò dáa. Àṣìṣe kejì ni zóbò, ọsàn àti mínírà: bí ẹnu bá kan, nikotíìnì kì í wọlé. Ẹ má jẹ, ẹ má mu, fún ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, àti nígbà tó bá wà lẹ́nu.

Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, tí àwọn apòògùn ń pè ní patch: ẹni tó ń mu ju ẹyọ 10 lọ lójúmọ́ á lo 21 mg fún ọ̀sẹ̀ 6, 14 mg fún ọ̀sẹ̀ 2, 7 mg fún ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá tàbí àyà tó gbẹ, tí kò nírun, tí ẹ kò fi ìpara pa. Ẹ yí ibẹ̀ padà lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ara á máa yún yín. Òógùn lè tú u nígbà ooru, nítorí náà lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ dúró kí ara gbẹ dáadáa. Bí àlá burúkú bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ yọ ọ́ tí ẹ bá fẹ́ sùn.

Kì í ṣe gbogbo kẹ́mísì ló ń ta wọ́n; ẹ bèèrè ní ilé oògùn ńlá tó ní apòògùn tó kàwé rẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Varenicline àti bupropion, oògùn tí kò ní nikotíìnì, náà wà, dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ìwọ̀nyí fún yín. Ẹni tí wárápá ń ṣe kò gbọ́dọ̀ lo bupropion. Aláboyún, ẹni tí àrùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù àti ọmọ tí kò tíì pé 18, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ.

Ṣé àgbo kan wà tó ń fọ ẹ̀dọ̀fóró?

Kò sí. Ohun tí ẹ mu, ikùn ló ń lọ, kò dé inú ẹ̀dọ̀fóró tí yóò fi fọ̀ ọ́. Ẹ̀dọ̀fóró ń fọ ara rẹ̀ bí èéfín bá ti dá.

Ṣé mo lè fi ààwẹ̀ Rámádánì dá a dúró?

Àkókò tó dáa ni. Láti sàárì títí di ìṣínu, ẹ ti ń lo wákàtí 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìmu ún; ẹ ti ṣe èyí tó le jù nínú ọjọ́. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìrun Màgáríbì. Ẹ fi dàbínù àti omi ṣínu, ẹ jẹun díẹ̀, ẹ má jáde lọ bá àwọn tó ń mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó fi sìgá ṣínu, ojú lè pòòyì fún un kó ṣubú.

Ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì yóò ba ààwẹ̀ jẹ́, torí ohun tí a ń gbé mì ni. Alẹ́ ni kí ẹ lò ó. Patch kò gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn ló sì gbà pé kò ba ààwẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bi àlùfáà yín.

Wọ́n ní màá sanra.

Ó ṣeé ṣe. Kílò 4 sí 5 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi kún un láàárín ọdún kan, torí oúnjẹ á máa dùn sí i lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀pà tàbí kùkúńbà dípò bisikíìtì àti súwíìtì. Ìpalára kílò márùn-ún kò tó ti sìgá rárá.

Mo ti dá a dúró fún oṣù méjì, mo wá mu ẹyọ kan níbi ayẹyẹ. Ṣé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn?

Rárá o. Ẹyọ kan ni, kì í ṣe páálí kan. Ẹ ju èyí tó kù dànù ní alẹ́ náà, kí ẹ kọ ohun tó fà á sílẹ̀: ta ló nà án sí yín, kí ni ẹ ń mu, kí ló ń dùn yín? Èyí tó ń pa èèyàn lára ni “mo ti bà á jẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí n mu ún tẹ́rùn.” Ọ̀pọ̀ àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá àwọn ọmọ ń mu ún nínú pálọ̀, ó ní òun ti ṣí fèrèsé.

Fèrèsé àti fáànù ń gbé òórùn lọ ni, wọn kì í gbé gbogbo májèlé lọ. WHO kà á pé àwọn tí èéfín ẹlòmíràn ń pa lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù kan, àwọn tí kì í mu ún rárá. Ọmọ ọwọ́ ló ń jìyà rẹ̀ jù: àrùn etí, ikọ́ fée, kíkú lójú oorun.

Ẹ má fi ìjà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ́ sí ìta nítorí ọmọ yìí” ń wọ etí ju “ẹ gbọ́dọ̀ dá a dúró” lọ. Ìta tí a ń wí kì í ṣe ẹnu ọ̀nà tàbí abẹ́ fèrèsé. Bó bá wọlé padà, kó fọ ọwọ́, kó pààrọ̀ ẹ̀wù, kó tó gbé ọmọ.

Ṣé òfin gbà kí wọ́n rán ọmọ kékeré lọ ra ẹyọ sìgá kan?

Kò gbà á. Òfin tábà ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2015, sọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ta tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ẹni tí kò tíì pé 18 náà kò sì gbọ́dọ̀ tà á. Ó tún ní sìgá kò gbọ́dọ̀ wà lọ́jà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: páálí tó ní 20, ó kéré tán. Òfin kan náà ní kí wọ́n má mu ún ní ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ibi ìṣeré ọmọdé, inú ọkọ̀ èrò àti ilé oúnjẹ.

Kí a sọ òótọ́, ẹyọ-ẹyọ ni wọ́n ṣì ń tà á láti ọjà Ìpàtà títí dé Òmù-Àrán. Ìdí tí òfin fi kọ̀ ọ́ ni pé owó ẹyọ kan kò ju owó jíjẹ ọmọ ilé ìwé lọ. Ẹ̀yin òbí, ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ má rán ọmọ níṣẹ́ náà mọ́. Bí awakọ̀ bá ń mu ún nínú ọkọ̀, ẹ sọ ọ́ fún alága ẹgbẹ́ awakọ̀ ní gáréèjì kí ọkọ̀ tó gbéra. Lójú ọ̀nà, àríyànjiyàn ló ń dà.

Bàbá mi ti lé ní 60 ọdún. Ṣé kò ti pẹ́ jù?

Kò pẹ́. Wọ́n tọpa àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún 50 ọdún, láti 1951 sí 2001. Ẹni tó dáwọ́ dúró ní 60 jèrè nǹkan bí ọdún 3, ẹni 50 jèrè 6, ẹni 40 jèrè 9.

Ẹ má bá a sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹ má sì gbé tábà rẹ̀ pamọ́. Ìtìjú ń sọ àgbàlagbà di ẹni tó ń mu ún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ gba àṣẹ: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ikọ́ yín.” Ọ̀rọ̀ ikọ́ ni kí ẹ sọ, ẹ má sọ ti ikú. Bí kò bá gbọ́ tiyín, ó lè gbọ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti dá a dúró.

Ikọ́ mi ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé sìgá náà ni?

Ó lè jẹ́ òun, ó sì lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Sìgá ń mú kí ikọ́ ẹ̀gbẹ tètè muni, ní nǹkan bí ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn ìjọba. Àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gidi ni wọ́n fẹ́, láti inú àyà, kì í ṣe itọ́: ẹ fi omi yọ ẹnu, ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wúkọ́ jáde láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, tàbí ẹ ń rù, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì.

Láti ìgbà tí mo ti dá sìgá dúró, obì ń lé oorun lójú mi, àyà mi sì ń já. Kí ló fà á?

Èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ sáré kó káfíìnì dànù kúrò lára, káfíìnì sì ni agbára obì, kọfí àti tíì. Bí èéfín bá ti dá, ẹ̀dọ̀ á dẹwọ́. Awẹ́ obì tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀ á wá ṣiṣẹ́ bí ìlọ́po méjì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé sìgá tí wọn kò mu ló ń dà wọ́n láàmú, wọ́n á sì padà sí i. Ẹ dín obì àti tíì kù sí ìdajì láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má sì jẹ ẹ́ lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn oògùn kan: clozapine àti olanzapine tí wọ́n ń fún àwọn tó ní àrùn ọpọlọ, àti theophylline tí wọ́n ń fún onímìí gúlegúle. Ẹni tó ń lo èyíkéyìí nínú wọn, kó sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó dá sìgá dúró, torí ìwọ̀n oògùn náà lè ní láti dínkù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èéfín ló ń fa èyí, kì í ṣe nikotíìnì, nítorí náà patch àti ṣingọ́ọ̀mù kò yí i padà.